Ọgọ́rin Ewé Ìwé Ààfáà

Alágídí ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ìyá mi máa ń ní bí mo bá ti gbà pé mo mọ nǹkan, kí wọ́n kúkú fi mí sílẹ̀ títí n ó fi forí sọ ògiri. Ọdún tí mo lọ kọ́ṣẹ́ láíbírì ni mo forí sọ ògiri gidi, ṣùgbọ́n orí tèmi nìkan kọ́ ló dùn.

Mo ti gboyè yunifásítì tán nígbà náà. Mo ti ṣe tíṣà ọdún méjì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́bàá Alakia, níbi tí ariwo ọkọ̀ òfuurufú kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ohun tí mò ń wí. Wọ́n wá gbà mí sí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó ti gboyè tí wọ́n fẹ́ di òṣìṣẹ́ láíbírì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, kò tíì pé ọdún mẹ́fà, àwọn òyìnbó sì ń palẹ̀ mọ́ kúrò nídìí iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Àǹtí mi kan ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń to ìwé sórí pákó ni o tún ń padà lọ yunifásítì fún? Ọmọ mi obìnrin ń tò ó ní ilé láìgba sátífíkéètì!" Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nígbà náà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ Áńgílíkà, wọ́n ń gbé Ìyànà Ọ̀fà, wọ́n sì gbà pé kò sí iṣẹ́ tó dà bí iṣẹ́ ìwé láyé.

Ìyá òyìnbó kan ni olùkọ́ wa. Wọn kì í pariwo. Bí wọ́n bá fẹ́ bá wa wí, ńṣe ni ohùn wọn á tún wálẹ̀ sí i, gbogbo wa á sì pa lọ́lọ́. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fún ìwé ní nọ́ńbà, bí a ṣe ń kọ ohun gbogbo nípa rẹ̀ sórí káàdì kékeré kan kí ẹni tó ń wá a má baà wá a títí. Wọ́n tún kọ́ wa pé ìwé ní ìlera bí èèyàn ṣe ní in. Wọ́n ní ìwé tí ewé rẹ̀ kò bá so pọ̀, aláìsàn ni, ilé ìdìwé sì ni ilé ìwòsàn rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi yíǹkì pupa fàlà sí i nídìí.

Fọ́ọ̀mù pélébé kan wà tí a máa ń fi sínú ìwé tó bá ń lọ sí ilé ìdìwé yẹn. Ojú mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀ tí èèyàn lè fàmì sí: kí wọ́n rán ìwé náà, kí wọ́n gé etí rẹ̀ kó dọ́gba, kí wọ́n fi páálí líle bò ó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń fàmì sí. Ó ti di bárakú fún wa, a kì í wojú ìwé mọ́ kí a tó ṣe é.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, wọ́n fún wa ní iṣẹ́ tó máa sọ ẹni tó máa yege. Olúkúlùkù ní láti lọ sí àdúgbò tirẹ̀, kó wá ìwé kan tí kò sí ní láíbírì kankan, kó sì kọ gbogbo ohun tó bá lè mọ̀ nípa rẹ̀. Mo gba ọ̀dọ̀ bàbá mi lọ.

"Lọ sọ́dọ̀ Ààfáà," ni wọ́n wí.

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ṣe tíṣà ní abúlé kan lẹ́yìn Ṣáṣá, Ààfáà ni ó múlé tì wá. Àgbẹ̀ ni, ó sì ní ilé kéú lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni òun àti bàbá mi máa ń jiyàn nípa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tí a ó rò pé wọ́n máa jà, lẹ́yìn náà wọ́n á pín obì jẹ.

"Ààfáà kì í yá èèyàn ní ìwé," bàbá mi tún wí. "Bí wọ́n bá yá ọ, orúkọ mi ni wọ́n yá. Má fi orúkọ mi ṣeré o."

Mo ní, "Háà, Bàbá, ṣé èmi ni mo máa fi ìwé ṣeré? Iṣẹ́ mi kọ́ ni?"

Láti Ṣáṣá, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé abúlé náà, nǹkan bí wákàtí kan. Ààfáà ti darúgbó. Ojú wọn ti ṣú, òjìji lásán ni wọ́n ń rí, ṣùgbọ́n bí mo ti kúnlẹ̀ kí wọn ni wọ́n dá ohùn mi mọ̀. "Ọmọ tíṣà! Ìwọ rèé? Ṣé àlàáfíà ni bàbá rẹ wà, alátakò mi?" Ìyá àgbà, ìyàwó wọn, fún mi ní omi. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ààfáà ní kí Ìyá àgbà gbé àpò awọ kan wá láti inú yàrá.

Mo ti rí ìwé láyé mi, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí. Ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sí òwú, kò sí gọ́ọ̀mù, àárín awọ méjì ni wọ́n tò wọ́n sí. Tàdáwà dúdú ni wọ́n fi kọ àárín rẹ̀ ní Lárúbáwá. Ní etí ewé kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀wé wínníwínní mìíràn tún wà tó pọ́n bí omi obì. Ààfáà ní ìwé wáàsí ni, bàbá wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ. N kò lè ka lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni tó mọ̀.

"Ewé ọgọ́rin ni," Ààfáà wí. Wọ́n fi ìka kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọgọ́rin ni kí o kà padà fún mi kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀."

"Ọgọ́rin, Bàbá."

"Kí ewé kankan má sọnù."

"Kò ní sọnù, Bàbá."

Mo gbé e dé kíláàsì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìyá òyìnbó fi orí ìka kàn án, wọ́n ní ó rẹwà púpọ̀, ó mà ṣe o pé ó ń ṣàìsàn. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Ààfáà ṣe mí lóore, èmi náà á ṣe wọ́n lóore. N ó di ìwé náà fún wọn, n ó fi aṣọ àwọ̀ ewé bò ó, n ó ní kí wọ́n fi lẹ́tà oníwúrà kọ orúkọ bàbá wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti ń rí bí wọn yóò ṣe máa fọwọ́ pa lẹ́tà náà tí wọn yóò máa ṣàdúrà fún mi. Àánú ló ṣe mí, ẹ gbà mí gbọ́. Ọlọ́run má jẹ́ kí àánú aláìmọ̀kan ṣe yín. Ní ọjọ́ Ajé, mo mú fọ́ọ̀mù kan, mo fàmì sí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo buwọ́ lù ú, mo gbé ìwé náà lọ sí ilé ìdìwé.

Ní Ọjọ́rú, mo padà sí abúlé. Ìbéèrè méjì ló kù nínú iṣẹ́ mi: ìgbà wo ni bàbá Ààfáà gbé láyé, báwo ni wọ́n sì ṣe ń lo ìwé náà. Ìbéèrè tó yẹ kí n ti bèèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ti mọ̀ tán, kí ló tún fẹ́ bèèrè?

Ààfáà rẹ́rìn-ín. "Àṣé o kò mọ̀! O gbé ìwé lọ, o kò bèèrè bí a ṣe ń kà á?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì, gbogbo wa máa ń jókòó síbí. A óò pín ewé yìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀ dání. Ìwọ á ka tìrẹ, èmi á ka tèmi, títí a óò fi yí po. Ẹni tó bá mú ewé kan á mú un lọ sílé, á máa rò ó títí di ọjọ́ kejì. Ìdí rèé tí bàbá mi kò fi rán an. Ìwé tí a bá rán, ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbé e dání."

Mo ní, "Ti etí rẹ̀ ńkọ́, Bàbá? Ìkọ̀wé wínníwínní yẹn?"

"Yorùbá ni. Lẹ́tà Lárúbáwá ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Ti àárín, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ìgbàanì ni, èèyàn lè rí irú rẹ̀ ní Ìlọrin. Etí ibẹ̀ ni bàbá mi wà. Mo kéré nígbà tó kú, n kò rántí ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀." Wọ́n wá yí orí sí ọ̀gangan ibi tí mo wà. "Ìgbà wo lo ń gbé e bọ̀? Ọ̀tunla la óò wo oṣù."

Mo rí fọ́ọ̀mù yẹn lójú mi ketekete, àmì mẹ́ta, èyí tó wà láàárín sì ni ti ọ̀bẹ. N kò lè sọ ọ́. Mo ní iṣẹ́ kan ń dúró dè mí, mo dìde, n kò tilẹ̀ dágbére fún Ìyá àgbà dáadáa. Nígbà tí mo ti kọjá ilé tó kẹ́yìn, mo ká yẹ̀rì mi sókè, mo bẹ́ sí eré. Obìnrin tó gboyè! Àwọn tó ń bọ̀ láti oko yà fún mi, wọ́n rò pé wọ́n túfọ̀ fún mi ni. Ní Ṣáṣá, ọjà kún dí ojú títì, kò sí bọ́ọ̀sì kankan tó lè kọjá. Mo gun ẹ̀yìn lọ́rì kan tó kó apẹ̀rẹ̀ ata, mo jókòó lé apẹ̀rẹ̀ láìbèèrè, aláta sì fi èpè ránṣẹ́ sí ìran mi títí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń sọ sínú: Olúwa, kí wọ́n má tíì gé e.

Ẹ̀yìn láíbírì ni ilé ìdìwé wà, yàrá gígùn kan tó máa ń rùn gọ́ọ̀mù. Bàbá adìwé ti ń nu ọ̀bẹ ńlá wọn, wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn fún ọdún Kérésì. Ará Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, àgbàlagbà jẹ́jẹ́ kan. Wọ́n ṣíjú wò mí. "Ẹ káàsán, mà."

Ìwé Ààfáà wà lórí tábìlì. Ó dúró dán-ín, etí rẹ̀ gún régé bí ọṣẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi òwú sí i.

Mo fi igbe ta. "Ta ló ní kí o gé e? Ṣé o fọ́jú ni? O ò rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀?"

Mo pe ẹni tó lè bí mi ní ìwọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń tì mí lójú ju ìyókù lọ. Bàbá adìwé rọra yọ fọ́ọ̀mù kan lórí ìṣó tó wà lára ògiri, wọ́n nà án sí mi.

"Ìbuwọ́lùwé ta nìyí, mà?"

Orúkọ mi ni mo rí níbẹ̀.

"Mo rí ọ̀rọ̀ náà," ni wọ́n wí. "Mo tilẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo wá ní ẹni tó kàwé tó báyìí ló fàmì sí i. Ta ni èmi?"

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Mo ní, "Ẹ dákun, bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣe é. Àwọn ohun tí ẹ gé kúrò dà?"

Wọ́n wojú mi, wọ́n bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ wọn. Àpò ìdalẹ̀nù kan wà ní kọ̀rọ̀, gbogbo etí ìwé tí wọ́n gé ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló kún inú rẹ̀, ti ìwé ìròyìn, ti ìwé òfin, ti oríṣiríṣi. Wọ́n ní apá kan ti bá ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ ní ọ̀sán, ó ti fi dáná. A dà á sílẹ̀. Bàbá adìwé kúnlẹ̀ ti èmi náà, a ń ṣà á ní tínrín tínrín. Bébà ti wa funfun, ti Ààfáà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ohun tó jẹ́ kí a dá a mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni ọ̀bẹ gé, ẹ̀gbẹ́ kan péré ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà ló sì jẹ jù. A ṣe é títí ilẹ̀ fi ń ṣú, a tún padà sí i ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí kò sí mọ́, mo ka èyí tí a rí tó ní ọ̀rọ̀ lára. Mọ́kàndínláàádọ́rin. Mọ́kànlá ti di eérú.

Mo kó wọn sínú àpòòwé kan. Mo to ewé ọgọ́rin padà sáàárín awọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo gbé ìwé náà padà fún Ààfáà. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń kọ́ ohun tí mo máa sọ, bí ọmọ iléèwé tó ń há ẹsẹ Bíbélì sórí. Mo dé ibẹ̀, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewé, ètè wọn ń mì. "Ọgọ́rin. Ó pé." Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ṣàdúrà fún mi, àdúrà gígùn, wọ́n fi ti bàbá mi kún un, Ìyá àgbà ń ṣe "Àmín" lẹ́yìn wọn. Àdúrà náà ń ta mí bí ìjàlọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé ìwé náà wò lọ́wọ́.

"Ó fúyẹ́," ni wọ́n wí. "Ó dà bí ẹni pé ó rù. Kí ló ṣe é?"

Ààyè rèé. Ọlọ́run ló fi ààyè yẹn sílẹ̀ fún mi, àpòòwé náà wà nínú báàgì mi lórí ẹsẹ̀ mi. Mo ya ẹnu.

"Ọyẹ́ ni, Bàbá. Ọyẹ́ ló gbẹ ẹ́."

"Ọyẹ́ ọdún yìí le lóòótọ́," ni Ààfáà wí. "Wá lọ́la. Wá gbọ́ ìwé tí ò ń kọ̀wé nípa rẹ̀."

Ìyá àgbà fún mi ní ọsàn méjì tí wọ́n ti bó. Mo gbé wọn dání títí dé Ṣáṣá láìjẹ wọ́n.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ ní ọjọ́ kejì. Mo sọ fún ara mi pé bóyá wọn kò ní fura, bóyá orí ni wọ́n ti há gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí obìnrin tó gboyè ń sọ! Ṣùgbọ́n mo lọ. Wọ́n ti kírun alásárì tán. Nǹkan bí ogún èèyàn jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọmọ kéú Ààfáà látijọ́, tí àwọn náà ti ń hu ewú. Mo jókòó sẹ́yìn, sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Wọ́n pín ewé.

Obìnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Ṣáṣá ló kọ́kọ́ kà. Ó ka Lárúbáwá rẹ̀ geere, ó wá bọ́ sí etí ewé. "'Ẹni tó ń gbààwẹ̀ tó sì ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà...'" Ó dúró. Ó yí ewé náà síwá sẹ́yìn. "Bàbá, ó gé."

Ààfáà parí rẹ̀ fún un láti orí. "'...ebi lásán ló ń pa á.' Lọ wo ojú rẹ, ìyálọ́jà. Àlùbọ́sà ti ta sí i." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹlòmíràn."

Ọkùnrin kan gbà á. "'Bí o bá gbin iṣu sórí ilẹ̀ ọmọ òrukàn, iṣu yóò ta, ṣùgbọ́n...' Bàbá, tèmi náà gé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnì kẹta wo tirẹ̀, ó kàn mi orí. Mo ń gbọ́ bí ó ti ń lọ yí ẹní ká: ó gé, tèmi náà gé, ó gé. Ààfáà na ọwọ́, wọ́n fi ewé kan lé e. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún tọ̀ ọ́.

Mo dìde. Mo kọjá láàárín wọn, mo kúnlẹ̀ níwájú Ààfáà, mo sì fi àpòòwé náà sí wọn lọ́wọ́.

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Mo fẹ́ bá yín dì í ni, n kò mọ̀. Mọ́kànlá ti jóná."

Ààfáà fọwọ́ tẹ àpòòwé náà wò. Wọ́n wá ní, "Ọyẹ́ kọ́ nígbà yẹn."

"Ọyẹ́ kọ́, Bàbá."

Ọkùnrin oníṣu yẹn fò dìde. "Háà! Ọmọ kèfèrí lẹ gbé e lé lọ́wọ́! Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe wá?" Àwọn mìíràn ti ń dìde pẹ̀lú rẹ̀, ọwọ́ sì ti ń nà sí mi. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́.

Ààfáà kò gbé ohùn sókè. "Jókòó. Kí ni bàbá mi wí nípa ẹni tó ń gbààwẹ̀ tó ń jà? O ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni." Ó jókòó, ó ń mí gùlegùle.

Wọ́n da àpòòwé náà sórí ẹní. Olúkúlùkù ń wá etí ewé tirẹ̀, wọ́n ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà, wọ́n ń pe ara wọn láti wá wò ó. Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí lé ìwé ẹ̀rí, n kò lè mú ẹyọ kan bá ìkejì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sí àárín wọn bí púrúǹtù. Ó pẹ́ kí Ààfáà tó tún bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọmọ tíṣà. Ṣé o ní kálàmù?"

Kálàmù wà nínú báàgì mi, òdìndì páálí káàdì láíbírì kan náà sì wà níbẹ̀. Mo mú wọn jáde.

"Èyí tó jóná, mo mọ̀ ọ́n sórí. Ojú mi ló lọ, orí mi ṣì wà. Bí mo bá ṣe wí i ni kí o kọ ọ́. Má tún un ṣe."

Gbogbo ààwẹ̀ yẹn ni mo fi ń lọ. Bí a bá ti rí ewé kan tí kò ní etí, mo máa ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sókè káàdì, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù lára ewé, Ààfáà á sì parí rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á sọ ọ́ ní kíá. Nígbà mìíràn wọ́n á pa ojú dé pẹ́, àwa á máa wo ẹnu wọn. Mẹ́wàá ni a rí gbà padà. Ẹyọ kan ló ṣòro. Ohun tó kù lára ewé yẹn kò ju "Ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí" lọ. Nínú gbogbo ọgọ́rin, ibẹ̀ nìkan ni bàbá wọn ti pè wọ́n ní ọmọ mi. "Ó ń bọ̀," ni Ààfáà máa ń wí. "Ó wà lórí ahọ́n mi. Lọ́la." Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ dé, kò tíì bọ̀.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rẹ́ wọn. Mo kọ ohun gbogbo sínú iṣẹ́ mi, n kò fi àmì mẹ́ta pamọ́, mo sì kọ ohun tí Ààfáà wí nípa ìwé tí a bá rán. Ìyá òyìnbó kà á, wọ́n pè mí. Wọ́n fún mi ní máàkì tó ga jù ní kíláàsì. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, mo sì ti parí ẹ̀kọ́, nígbà tí Ìyá àgbà ránṣẹ́ pé kí n wá. Ààfáà kò lè dìde mọ́. Mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní.

"Ó ku káàdì kan," ni wọ́n wí. Ohùn wọn ti tín-ín-rín.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Kà á sí mi létí."

Mo wo Ìyá àgbà. Wọ́n ń wò mí, omi dúró sí wọn lójú, wọ́n rọra mi orí sí mi pé kí n kà á. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀ mí fún yé mi: kí n fi ọ̀rọ̀ tèmi parí rẹ̀. Ẹ sì wò ó, mo lè ṣe é. Mo ti kọ mẹ́wàá nínú ọ̀rọ̀ bàbá wọn, mo ti gbọ́ ìyókù ní gbogbo oṣù yẹn, mo ti mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ti wà lẹ́nu mi, ó dùn, ó bá ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ mu rẹ́gí, Ààfáà ì bá sì gbà á. Ọkàn mi fẹ́ fún wọn. Mo rántí irọ́ ọyẹ́ yẹn.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bàbá. 'Ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí.' Ibẹ̀ ló ti tán."

Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Wọ́n wá ọwọ́ mi kàn, wọ́n dì í mú.

"O ṣeun," ni Ààfáà wí. "Má kọ nǹkan kan sí i."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n sin wọ́n. Àwọn ọmọ kéú wọn ló ní ìwé náà, wọ́n ṣì ń pín in kà ní oṣù ààwẹ̀, káàdì mẹ́wàá sì wà láàárín awọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìkọkànlá wà nínú àpótí mi. Nọ́ńbà ewé ló wà lókè rẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ló tẹ̀ lé e, ìyókù funfun.